Ẹsẹ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lórí Òrùlé Ilé Ìkàwé

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kú ìfaradà àwọn oníbàárà tí wọn kì í wá gba aṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ka ọjọ́ tí mo kọ̀wé kẹ́yìn. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kúkú ní ẹ ò fẹ́ fóònù, pé ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan, àti pé ìwé ṣeé kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ fóònù ò ṣeé kà rárá. Ó dáa, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ilé ìkàwé tí mo ti ń gbálẹ̀ láti ọdún mẹ́fà ti fún mi ní iṣẹ́ tuntun. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì fi tẹlisikóòpù rẹ̀ ta ilé ìkàwé lọ́rẹ, ìyẹn awò gígùn tí wọ́n fi ń wo òṣùpá bíi pé iwájú ilé ló wà. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin bá mi níbi tí mo jókòó sí láàárín gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ nílẹ̀, mo rò pé ó máa lé mi lọ, ni ó bá ní kó di iṣẹ́ mi. Ní báyìí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú tán, èmi ni mò ń dúró lórí òrùlé ilé ìkàwé tí mò ń fi òṣùpá han aráàlú. Èmi yìí o, Túuwò yín, tí ẹ nà nítorí aago ògiri tí mo tú palẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Ẹsẹ̀ ni. Kò dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí èèyàn bá sì fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, gbígbọ̀n náà kì í tètè lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé ń bọ̀ wá wò ó lógúnjọ́ oṣù karùn-ún. Bí ẹsẹ̀ náà ò bá tíì dúró lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ tán nìyẹn, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sídìí ìgbálẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì tán, ìwé ìgbélùú mi nílẹ̀ àjèjì yìí náà tán, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n so ó mọ́. Ẹ bá mi fi sínú àdúrà.

Ọmọ yín tó ń wòkè,
Túuwò


Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì

Túuwò ọmọ mi,

Mi ò tíì kí ẹ o. Ìkíni á wá tó bá yá. Ẹsẹ̀ wo? Ọ̀tún ni àbí òsì? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí o ṣe ní kí n ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìjókòó ni mo fi kà á. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gbígbọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà nínú ilé wa. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lára bàbá rẹ, ó ní òtútù ni, òtútù náà ló sì ń mú un nínú ooru gbígbóná. Ṣé o ti rí dókítà? Irú ọ̀gá wo lẹ tiẹ̀ ní, tó lè sọ fún aláìsàn pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá dúró kó máa lọ? Odindi ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé á wá pé jọ, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ? Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n.

Mo ti sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa. Ó ní kí o má máa dúró pẹ́, kí o sì máa gbé e sókè sórí ìrọ̀rí. Mo rán ìdè-orúnkún mẹ́ta, aṣọ tó nípọn ni mo fi rán an, ó wà nínú ẹrù tó tẹ̀ lé ìwé yìí. Méjì ni fún ẹsẹ̀ rẹ, ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ bí ọ̀kan bá sọnù, nítorí mo mọ̀ ẹ́.

Wálé. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà, aṣọ oníbàárà díẹ̀ ni mo kó síbẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan ni màá fi kó o kúrò.

Èmi ìyá rẹ tí ò rí oorun sùn


Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi le koko, mo fi gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ tẹlisikóòpù ni mò ń sọ! Igi mẹ́ta tí wọ́n gbé awò náà lé lórí. Mo kọ "ẹsẹ̀" sílẹ̀, mi ò sọ ẹsẹ̀ ta ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà mo rántí Bàámi, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Ẹ forí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Awò yìí ń sọ òṣùpá di ńlá ní ọgọ́rùn-ún ìlọ́po. Bó ṣe ń sọ òṣùpá di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n di ńlá. Kí ẹsẹ̀ kàn mì díẹ̀, èyí tí ojú lásán ò tiẹ̀ lè rí, òṣùpá á bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú awò bíi ẹni tí wọ́n ń ná lówó. Àwọn èèyàn á gòkè wá tayọ̀tayọ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Ó dáa, a ti rí i," mo sì mọ̀ pé wọn ò rí nǹkan kan.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin gan-an nìyí. Ṣé ẹ rántí Alárìnká, ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ yẹn? Mo rántí pé bí ẹ bá ń rán aṣọ tó le, rírìn ló máa ń rìn láti ibi ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹ ó máa fi orúnkún dá a dúró, tí abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo dé láti ilé ìwé, mo bá a tó dúró gbọn-in, kò sì rìn mọ́ láyé. Kí lẹ ṣe fún un?

Túuwò yín, ẹlẹ́sẹ̀ méjì pípé


Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ igi ni.

Ìwọ lo kó mi sí wàhálà. Gbogbo àdúgbò ti ń gbààwẹ̀ fún ẹ. Mo ní láti lọ láti ilé dé ilé, kí n máa ṣàlàyé pé igi ni, pé kì í ṣe ẹran ara. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta gbọ́ "ẹsẹ̀ igi", ó bú sẹ́kún. Ó ti gbà pé wọ́n ti gé tìẹ, wọ́n sì ti fi igi rọ́pò rẹ̀. Títí di àná ó ṣì ń bá mi kẹ́dùn, ó ní òun á máa ṣe bàtà ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ẹ.

Òrùlé ìsọ̀ ń jò lápá ibi tí mò ń kó òwú sí, wọ́n sì ti tún un ṣe. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìsinsìnyí fẹ́ ọrùn aṣọ tó fẹ̀ débi pé èjìká ni wọ́n fi ń gbé e dúró. Mo ti kó aṣọ oníbàárà kúrò ní yàrá rẹ. Mo kun ògiri, àwọ̀ ojú ọ̀run ni mo fi kùn ún. Mo tún rán kọ́tìnì tuntun.

Bí ìgbìmọ̀ yẹn bá ní iṣẹ́ tán, má fi ṣe ìbànújẹ́. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bí o bá wálé, màá rí sí i.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn. Ẹ bá mi sọ fún bàbá tó ń tún bàtà ṣe pé ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé.

Ẹ dáhùn gbogbo ohun tí mi ò bèèrè, ẹ sì fi èyí tí mo bèèrè sílẹ̀. Kí lẹ ṣe fún Alárìnká?

Mo ti ṣe èyí tí agbára mi ká. Mo fi sípánà mú gbogbo nọ́ọ̀tì le. Mo dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù, nítorí ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fà gùn ni afẹ́fẹ́ máa ń fi ṣeré. Mo so àpò yanrìn kọ́ sáàárín igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lè wúwo. Mo ta aṣọ sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá. Àwọn ìdè-orúnkún yín náà, mo wé e mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mẹ́ta gééré, ó bá a mu. Ọ̀gá wa ní ó dà bí agbábọ́ọ̀lù tó fara pa. Bí èmi nìkan bá wà níbẹ̀, òṣùpá á dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kí èèyàn méjì gòkè wá báyìí, ijó ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ wọn ló ń fà á, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọn ò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó ń jó. Mi ò mọ ohun tó kù mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan wá. Bíríkìlà ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń mí hẹlẹ. Àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e. Ó fojú sí awò náà, ó wò ó pẹ́, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ó ń gbọ̀n. Èmi ni, àbí?" Kí n tó lanu, ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé ara òun ò dúró mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, pé kí n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo pè é lẹ́yìn, kò gbọ́. Màámi, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi ti sọ ò dùn mí tó ti bàbá yẹn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ kankan rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Túuwò yín


Ogúnjọ́ oṣù kẹrin

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, ẹ ò kọ̀wé. Ó ku oṣù kan gééré kí ìgbìmọ̀ dé.

Mo pe fóònù Àǹtí Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ara yín le, pé ẹ wà ní ìsọ̀, ẹ ń ránṣọ. Wọ́n ní àwọn bi yín bóyá ẹ ti rí ìwé mi gbà, ẹ ní ẹ ti rí i. Ọ̀gá wa ti ń wá ẹni tó máa gba tẹlisikóòpù náà lọ. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ti gbàgbé ohun tí ẹ ṣe fún ẹ̀rọ yẹn, ẹ sọ ìyẹn náà, kí n lè mọ̀ pé mo dá wà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Túuwò,

Ìwé rẹ, èyí tó ní ọ̀rọ̀ bàbá bíríkìlà, ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti oṣù tó kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á.

Mi ò gbàgbé ohun tí mo ṣe fún Alárìnká. Mo ti mọ ìdáhùn láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ bèèrè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Mo rò ó pé bí ẹsẹ̀ yẹn ò bá dúró, wàá wálé, kò sì ní sẹ́ni tó máa lè sọ pé èmi ni mo fà ẹ́ wá. Ìdí tí mo fi kun yàrá nìyẹn. Ìwọ wà níbẹ̀ tí ò ń gbàdúrà kó dúró, èmi wà níhìn-ín tí mò ń gbàdúrà kó máa gbọ̀n. Ọlọ́run á ti máa wo àwa méjèèjì.

Bàbá yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́dún tí bàbá rẹ lò kẹ́yìn, bí omi bá dà nù lọ́wọ́ rẹ̀, á bẹ̀ mí, á bẹ̀ ẹ́, á bẹ àlejò. Ìwọ ṣì kéré, o lè má rántí. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló dùn mí ju àìsàn náà lọ. Èmi wá jókòó síhìn-ín, mo mọ oògùn ohun tó ń ṣe bàbá ẹlòmíràn, mo dákẹ́, kó lè máa rò pé ara òun ni. Mi ò lè ṣe é mọ́. Bínú sí mi bí o bá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka èyí tán.

Alárìnká ò ní àléébù kankan. Ilẹ̀ ló ní. Pákó ni ilẹ̀ ìsọ̀ wa nígbà náà, wọ́n tẹ́ ẹ lórí igi. Mo ti ṣe gbogbo èyí tí o ṣe yẹn: mo dè é, mo fi rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé ife omi lé e lórí, mo fẹ́ mu ún, oníbàárà kan wọlé. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mi ò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ife ń mì. Oníbàárà dúró, omi dúró. Oníbàárà rìn, omi mì. Ìgbà yẹn ló yé mi pé èmi, oníbàárà àti ẹ̀rọ, orí pákó kan náà la jọ wà. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀, gbogbo wa ló gbé.

Mo pe káfíńtà. Mo ní kó fi ayùn gé ihò mẹ́rin sí pákó, ní ibi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kí ihò náà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. A wá to búlọ́ọ̀kù sísàlẹ̀ láti orí ilẹ̀ gidi, a gbé ẹsẹ̀ lé e. Kí etí ihò má kan ẹsẹ̀ rárá o, ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Èèyàn lórí pákó, ẹ̀rọ lórí ilẹ̀, kálukú ní ibùdúró tirẹ̀.

Lọ wo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awò rẹ. Gbé ife omi lé ilẹ̀ níbẹ̀, kí o sì ní kí ẹnì kan rìn kọjá. Bí ọ̀gá rẹ bá ní gbígbé lọ ni kí wọ́n gbé e lọ, sọ fún un pé ìyá rẹ ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìyá rẹ, ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè òótọ́


Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún

Màámi, Màámi, Màámi,

Pákó ni! Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí òrùlé wa láti etí dé etí, kọnkéré wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti ń rìn lórí rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, mo sì ti ń gbá a, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo gbé ife omi kalẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, mo ní kí ọ̀gá wa rìn kọjá. Omi mì. Ó tún padà, omi mì. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?" Mo ní télọ̀ ni.

Kí n má purọ́, mo bínú. Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú sí yín, mi ò fẹ́ rí ìwé yín sójú. Lọ́jọ́ kẹta mo tún un kà, mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ kun yàrá, ìbínú náà ò mọ ibi tó gbà lọ. Èmi náà ì bá kùn ún.

Mo wá bàbá bíríkìlà lọ sílé. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe yín o, ilẹ̀ ni." Kò gbà mí gbọ́. Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ibi tí a máa gé, òun ló sì wọn búlọ́ọ̀kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n lè dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó ń fa ìlà, ṣùgbọ́n ìlà náà tọ́. A gé ihò mẹ́ta sí pákó, a sì gbé ẹsẹ̀ awò lé búlọ́ọ̀kù lórí kọnkéré.

Lánàá, ìgbìmọ̀ dé. Àwọn márùn-ún ni, bàtà gbogbo wọn ń dún kò-kò-kò lórí pákó. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá nísàlẹ̀. Alága wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, dúró létí awò, ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń wò ó lọ́wọ́ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn ń sọ pé, "Mo rí òkè níbẹ̀. Mo rí òjìji òkè." Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Bàbá bíríkìlà ló wò ó kẹ́yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó sọ pé kó kúrò. Nígbà tó yọjú, ó nu ojú rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dúró fún mi báyìí."

Wọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ mi fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí, Màámi, wọn kì í fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò tuntun ní ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín tí ẹ̀yin gbé dúró,
Túuwò


Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Túuwò, ọkọ mi,

Mo kí ẹ lónìí, mo sì kí ẹ dáadáa. O kú oríire, o kú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bá mi kí bàbá bíríkìlà, sọ fún un pé télọ̀ kan ní ìlà rẹ̀ tọ́.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé, orí aṣọ oníbàárà ni mo ti sunkún, aṣọ funfun ni, mo ní láti fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà mo jáde síwájú ilé nírọ̀lẹ́, mo wo òṣùpá. Ó kéré, ó dà bí èékánná tí ènìyàn gé. Mo ní, ṣé èyí náà ni wọ́n ń rí òkè nínú rẹ̀?

O ní kí n má bínú pé o ò lè wálé. Ta ló tiẹ̀ sọ pé ìwọ nìkan lo gbọ́dọ̀ rìn? Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó tí mò ń retí ẹ, bíi pé ọ̀nà ibẹ̀ ò lè gba èmi náà. Mo ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ayafọ́tò ní kí n má rẹ́rìn-ín, mo ní kó yára nígbà náà. Mo ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé aṣọ wá ní oṣù kẹsàn-án. Bí wọn ò bá fún mi ní àṣẹ ìwọ̀lú ní oṣù kẹsàn-án, màá bèèrè ní oṣù kẹwàá, bí wọn ò bá fún mi ní oṣù kẹwàá, wọ́n á mọ̀ mí títí ọdún á fi parí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe sílẹ̀. Wọn ibi tí wọ́n ń fojú sí lára awò yẹn, láti ilẹ̀ dé òkè, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. O mọ̀ pé mo kúrú. Wá àpótí tó le dè mí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi sókè níwájú ìgbìmọ̀.

Ìyá rẹ tó ń bọ̀